Kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí i: bí ẹ ṣe máa ka ìwé owó àti ìwé àyípadà ilé-ìwé fún eléré ìdárayá ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Òru ni ìpè náà sábà máa ń wọlé. Bí kóòṣì kan ní Texas bá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, aago méjìlá tàbí aago kan òru ni ní Mushin àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ á ní, "Màámi, wọ́n ní àwọn máa fún mi ní 30,000 dọ́là, àmọ́ wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kílẹ̀ tó mọ́." Ẹ dá a lóhùn báyìí: "Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ojú ewé rẹ̀ pátá. Má fọwọ́ sí nǹkan kan lálẹ́ yìí." Kóòṣì tó bá fẹ́ ọmọ yín lóòótọ́ á fún un láyè ọjọ́ méjì. Èyí tí kò bá lè dúró ọjọ́ méjì, ẹ bi í léèrè ohun tó ń lé e.

Ẹ̀yin òbí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ọmọ yín ti kúrò lórí pápá Rowe Park ní Yábàá tàbí ní Surulere, tó ti wà nílé-ìwé lọ́hùn-ún, ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ti ọmọ tó ṣì wà nílé wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ohun tó yí padà, àti ẹni tó yí padà fún

Nígbà tí Hakeem Olajuwon kúrò ní Èkó lọ sí University of Houston ní 1980, ohun tí òfin gbà pé kí yunifásítì fún un kò ju owó ilé-ìwé, ibùsùn, oúnjẹ àti ìwé kíkà lọ. Ẹni tó bá gba owó lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó pẹ́ kí ìyẹn tó yí padà. Ní oṣù Kẹfà 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá NCAA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré yunifásítì, lẹ́bi nínú ẹjọ́ Alston. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún kan náà, NCAA gbà kí eléré máa jẹun lórí orúkọ, àwòrán àti ìrísí ara rẹ̀. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní NIL. Ẹjọ́ House ló tẹ̀ lé e: adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 2025, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje sì ni yunifásítì fúnra rẹ̀ ti lè san owó fún eléré. Òté tí wọ́n fi lé e fún sáà 2025 sí 2026 jẹ́ nǹkan bíi 20.5 mílíọ̀nù dọ́là fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan.

Iye yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Bí ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá ṣe ń pín in rèé: nǹkan bíi 75% fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, 15% fún básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, 5% fún básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin, 5% yòókù fún gbogbo eré tó kù. 5% náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, òun sì ni eré sísá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, fọlibọ́ọ̀lù, tẹ́níìsì àti ìwẹ̀ máa jọ fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ eré sísá àti fífò ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa fi ń lọ. Ọmọ tó ń sáré lè wà nílé-ìwé tó ń ná ogún mílíọ̀nù kí kọ́bọ̀ má kàn án.

Ibi tí ọmọ tó ń sáré ti lè jèrè ni sikọ́láṣíìpù. Ṣáájú 2025, gbogbo sikọ́láṣíìpù tí ilé-ìwé ńlá lè pín fún eré sísá jẹ́ 12.6 fún ọkùnrin, 18 fún obìnrin, wọ́n á wá gé e wẹ́wẹ́ fún ènìyàn ọgbọ̀n tàbí ogójì. Wọ́n ti mú òté yẹn kúrò. Iye ènìyàn tó lè wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n fi òté lé báyìí: 45 fún eré sísá, 28 fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, 15 fún básíkẹ́ẹ̀tì. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ lè fún gbogbo 45 ní sikọ́láṣíìpù tó kún. Èyí tí kò bá fẹ́ lè má fi kún un rárá, kó sì tún lé àwọn tó kọjá 45 dànù. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ọmọ tó ń sáré máa kọ́kọ́ bi kóòṣì: "Ṣé orúkọ mi wà nínú 45?" àti "Ìdá mélòó ni sikọ́láṣíìpù mi?" Kó béèrè pẹ̀lú bóyá ilé-ìwé náà wọ inú àdéhùn House, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló wọ̀ ọ́. Àwọn ilé-ìwé Ivy League kò wọ̀ ọ́, wọn kì í sì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré ìdárayá.

Ìwé mẹ́ta, àpò mẹ́ta

Bí wọ́n bá dárúkọ iye owó kan fún yín, ẹ tú u. Ó lè ti inú àpò mẹ́ta wá, àpò kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Ohun tí kóòṣì máa ń ṣe ni pé á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: "Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70,000." Ẹ ní kó pín in padà.

Ìwé kìíní ni ti sikọ́láṣíìpù. Ẹ má dúró lórí ọ̀rọ̀ pé "ó kún". Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà: owó ilé-ìwé, ibùsùn, oúnjẹ, ìwé kíkà, inṣọ́ránsì ìlera, owó ẹ̀kọ́ àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Inṣọ́ránsì àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń fò, lórí òbí ló sì máa ń já sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ ya fọ́tò ojú ewé kìíní I-20 rẹ̀, ìwé tí ilé-ìwé fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè wọlé, ránṣẹ́. Níbẹ̀, wọ́n kọ iye tí ọdún kan máa ná an sí apá kan, wọ́n sì kọ ẹni tó máa san án sí apá kejì. Bí kóòṣì bá ní ó kún, tí I-20 sì sọ pé ẹbí máa san 14,000 dọ́là, I-20 ni kí ẹ gbà gbọ́ títí wọn ó fi tún un kọ. Ẹ wo ọdún tí sikọ́láṣíìpù náà kó. Tó bá jẹ́ ọdún kan ṣoṣo, ọjọ́ 1 oṣù Keje ni gbèdéke tí ilé-ìwé ní láti sọ bóyá wọn ò ní tún un ṣe. Kí ọmọ béèrè ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ààyè ṣì wà láti wá ibòmíràn.

Ìwé kejì ni ti owó tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń san. Àdéhùn ìṣòwò ni, agbẹjọ́rò ló kọ ọ́ fún wọn, agbẹjọ́rò ló sì yẹ kó kà á fún yín. Kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ fúnra yín wá àwọn nǹkan wọ̀nyí: oṣù mélòó ni wọ́n máa san (mẹ́wàá ni àbí méjìlá), ọjọ́ wo nínú oṣù, kí ló lè dá a dúró (ìpalára, ìyípadà kóòṣì, ìjókòó lórí bẹ́ǹṣì), àti èló ni ọmọ máa dá padà tó bá kúrò kí ọjọ́ tó pé. Ti ìgbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá University of Georgia béèrè 390,000 dọ́là lọ́wọ́ Damon Wilson, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan, lẹ́yìn tó gba Missouri lọ, torí ohun tó wà nínú ìwé tó ti fọwọ́ sí ni. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti kọ bí ẹ̀tọ́ ilé-ìwé lórí àwòrán rẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó. Tó bá kọjá ọjọ́ tó máa kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ìwé kẹta ni ti àwọn ará ìta: ilé-iṣẹ́ bàtà, ilé oúnjẹ, ẹgbẹ́ àwọn olówó tó fẹ́ràn ilé-ìwé náà. Àdéhùn tó bá tó 600 dọ́là, tàbí owó kéékèèké láti ọwọ́ ẹnì kan náà tó bá ti pé 600, ọmọ gbọ́dọ̀ fi í hàn lórí NIL Go, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó Deloitte ló ń bójú tó o fún College Sports Commission, àjọ tó ń rí sí i pé wọ́n pa àdéhùn House mọ́. Wọ́n á wò ó bóyá iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀, àti bóyá iye náà bá iṣẹ́ mu. Oníṣòwò aṣọ ní Balógun tó fi 800 dọ́là ránṣẹ́ sí ọmọ kí ó lè wọ aṣọ rẹ̀ lórí Instagram wà lábẹ́ òfin yìí pẹ̀lú. Ẹ má rò pé Èkó jìnnà.

Ohun tí wọ́n bá fi ẹnu sọ, ẹ kà á sí òfo. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Matthew Sluka fi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì UNLV sílẹ̀ lẹ́yìn eré mẹ́ta péré, tí wọ́n sì jáwé olúborí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣojú rẹ̀ ní igbákejì kóòṣì kan fi ẹnu ṣèlérí 100,000 dọ́là, owó náà kò sì wá. Ilé-ìwé náà kò gbà pé òun jẹ gbèsè kankan. Kò sí ìwé, kò sì sí ohun tí ọmọ náà lè gbé lọ síwájú adájọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà nìyẹn; ó lè kúrò, kó sì padà sílé ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ti ọmọ yín kò rí bẹ́ẹ̀.

Físà ló ṣáájú owó

Apá yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Físà F-1 ni físà akẹ́kọ̀ọ́. Ó fún ọmọ láyè iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ìwé, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́, kò sì gba iṣẹ́ ìta láìsí àṣẹ pàtàkì. Òfin eré ìdárayá ti yí padà, òfin físà kò yí padà tẹ̀ lé e. Torí náà, ohun tí NCAA gbà fún ọmọ yín lè jẹ́ ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà fún un. Jíjókòó ní ṣọ́ọ̀bù kan fún wákàtí méjì, kó máa fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù, kó sì gba owó, iṣẹ́ ni. Ṣíṣe fídíò ìpolówó ní Texas, iṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá kà á sí iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ, ipò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bàjẹ́, gbogbo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kà lókè yẹn sì ti parí nìyẹn.

Owó tó ń wọlé láìṣe iṣẹ́, bíi owó lórí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ń tà, ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò físà kà sí èyí tí ewu rẹ̀ kéré. Bí yunifásítì ṣe ń ṣe é yàtọ̀ síra: òmíràn ń kọ ìwé kejì fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ọ̀nà yìí, òmíràn kò ní san kọ́bọ̀ fún un. Ẹni tí ọmọ máa bá sọ̀rọ̀ ni DSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ìyàtọ̀ wà láàárín òun àti kóòṣì, òun ló ń tẹ I-20. Kó kọ lẹ́tà sí i lórí í-méèlì, kó so ìwé àdéhùn mọ́ ọn, kó sì béèrè bí ó ṣe kan ipò F-1 òun. Tí DSO bá ní kó lọ rí agbẹjọ́rò físà, kó lọ, kó sì mú èsì náà pamọ́.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn eléré ilẹ̀ òkèèrè máa ń dá: wọ́n á ṣe iṣẹ́ ìpolówó náà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Kentucky nígbà náà, ṣe tirẹ̀ ní Bahamas ní oṣù Kẹjọ 2022 nígbà tí ẹgbẹ́ wọn lọ ṣeré níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ilé wá ń rò ó pé, "Kó kàn wá sí Èkó nígbà Kérésì, ká ya fídíò náà ní Victoria Island, kó padà." Fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀nà yìí ti di ọ̀fìn. Láti oṣù Keje 2025, físà tí wọ́n ń fún wa jẹ́ èyí tí a lè fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, àṣẹ ààrẹ Amẹ́ríkà tún dá físà F tuntun fún ọmọ Nàìjíríà dúró. Ọmọ tó wà lọ́hùn-ún kò ní ìṣòro bí físà inú ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá tilẹ̀ ti parí: kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ni físà, I-20 ni òrùlé. Àmọ́ tó bá jáde, kọ́kọ́rọ́ tuntun ló máa nílò, ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington Crescent kò sì ní fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ọmọ wálé fún ìpolówó, fún ìsìnkú, fún ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún bàbá rẹ̀, tàbí fún ìdánwò ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ẹ ní kó fi ọjọ́ tó wà lórí físà rẹ̀ han DSO. Ó dun ìyá láti ṣe òkú láìsí ọmọ nílé. Ó máa dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọmọ bá jókòó sí Surulere ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí kò lè padà.

Ṣíṣírò ohun tó máa kù

Ká ní wọ́n ń san 3,000 dọ́là lóṣù fún oṣù mẹ́wàá. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí, torí náà wọ́n lè yọ 30% lórí owó àwòrán àti orúkọ kó tó dé ọwọ́ ọmọ: 900 lọ, 2,100 kù. Aṣojú tó gba 20% lórí gbogbo owó á mú 600: 1,500 kù. Ilé tó gbà níta ọgbà jẹ́ 900: 600 kù. Ẹ fi èyí wé 30,000 tí ẹ gbọ́ lóru, kí ẹ tó ṣèlérí bùlọ́ọ̀kù fún ẹnikẹ́ni.

20% yẹn pọ̀ jù, ẹ má gbà á. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL kò gbà kí aṣojú mú ju 3% lọ lórí owó iṣẹ́, ti NBA sì jẹ́ 4%. Lórí owó yunifásítì kò sí irú òté bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gé ọmọ jẹ. Ẹ má fọwọ́ sí aṣojú tó fẹ́ gba ìpín lórí sikọ́láṣíìpù, tàbí tó fẹ́ máa gba owó lẹ́yìn tí ọmọ bá kúrò ní yunifásítì.

Sikọ́láṣíìpù náà ní owó orí tirẹ̀. Èyí tó kan ibùsùn àti oúnjẹ, wọ́n máa ń yọ 14% lórí rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ F-1. Kí ọmọ fi fọ́ọ̀mù 1040-NR sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, kó sì kó gbogbo ìwé tó bá gbà sínú fáìlì kan.

Tó bá fẹ́ yí ilé-ìwé padà

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yí ilé-ìwé padà á jókòó ọdún kan láìṣeré. Ní 2018 wọ́n dá transfer portal sílẹ̀, ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo kóòṣì ń wò. Ní 2021 wọ́n gbà kí ènìyàn yí padà lẹ́ẹ̀kan láìjókòó, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin 2024, iye ìgbà tó bá wù ú ni, tí ìwé rẹ̀ bá ti dára. Favour Ashe, ọmọ Nàìjíríà tó ń sáré, kúrò ní Tennessee lọ sí Auburn, ó sì ń sáré lọ. Ó ṣeé ṣe. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ọmọ ṣe é ní òdìkejì, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ, kó tó wá ro ibi tó ń lọ. Bó ṣe yẹ kó lọ rèé.

Kí orúkọ tó wọlé, kó gba ìwé èsì rẹ̀ láti orí kìíní dé orí ìgbẹ̀yìn, kó sì ṣírò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọdún kẹta gbọ́dọ̀ ti ṣe 40% nínú dìgírì tó fẹ́ gbà ní ilé-ìwé tuntun. Ọdún kẹrin 60%, ọdún karùn-ún 80%. Bí dìgírì náà bá jẹ́ kírédíìtì 120, 40% rẹ̀ jẹ́ 48. Ọmọ lè ti ní 60 lọ́wọ́, kí ilé-ìwé tuntun gba 42 péré nínú rẹ̀ torí pé ẹ̀kọ́ wọn kò bára mu. 42 kò tó 48. Kò ní sáré lọ́dún yẹn, bó ti wù kó yára tó.

Kó wo gbèdéke. Eré kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé tirẹ̀, wọ́n sì máa ń yí i padà. Ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní 2026 jẹ́ ọjọ́ 2 sí 16 oṣù Kìíní. Fèrèsé yìí kan ọjọ́ tí orúkọ wọlé nìkan, ó lè mú ilé-ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́fíìsì compliance ilé-ìwé rẹ̀, àwọn tó ń rí sí pípa òfin eré mọ́, ló máa kọ̀wé sí, ilé-ìwé sì ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì láti fi orúkọ rẹ̀ sí i. Kóòṣì ibòmíràn kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ kí orúkọ tó wọlé. Ẹni tó bá ń pè yín ní Èkó ṣáájú ìgbà náà, tó ní òun ń ṣojú kóòṣì kan, ó fẹ́ kó ọmọ yín sí wàhálà.

Ibi tó ti ń dun ni pé, tí orúkọ bá ti wọlé, ilé-ìwé tó wà lè gba sikọ́láṣíìpù rẹ̀ ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ náà. Tí kò bá sì rí ibòmíràn, ó di adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọmọ Amẹ́ríkà á lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù títí á fi rí ọ̀nà. Ọmọ yín gbọ́dọ̀ máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ, kírédíìtì 12 ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí F-1 rẹ̀ má bàa kú, ẹni kan sì gbọ́dọ̀ san owó yẹn.

Tó bá ti rí ilé-ìwé tuntun, kó gba lẹ́tà ìgbàwọlé àti ìwé sikọ́láṣíìpù lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó sọ fún DSO àtijọ́ pé kó gbé àkọsílẹ̀ SEVIS òun (àkọsílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè) lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì jọ mú ọjọ́ tó máa lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù márùn-ún lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Kó má kúrò ní ìlú àtijọ́ kí I-20 tuntun tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ tó ṣì wà nílé

Títí àṣẹ tó wà lórí físà yóò fi yí padà, kò sí ẹni tó lè fi owó ra ọ̀nà fún yín, nítorí náà ẹ má san owó fún ẹni tó bá ní òun ní "ọ̀nà eléré". Ẹ múra ìwé sílẹ̀. NCAA ń béèrè kíláàsì pàtàkì 16 láti bí ẹni JSS3 dé SS3, pẹ̀lú máàkì (GPA) 2.3 ó kéré tán fún Division I, ìpele eré yunifásítì tó ga jù. BECE àti WAEC ni wọ́n ń wò, wọn kò béèrè ìdánwò SAT mọ́ láti 2023 fún ìyẹ eléré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì lè béèrè rẹ̀. Bí òfin tí wọ́n ti ń lò bọ̀ bá dúró, ọdún márùn-ún ni ọmọ ní láti ṣeré, aago náà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé gíga ní kíkún, níbikíbi láyé. Ọmọ tó bá lo ọdún méjì ní Akoka tàbí ní Yabatech, tó sì jókòó ọdún kan retí físà, ti ná mẹ́ta nínú rẹ̀. Kó wọlé tó bá fẹ́, ẹ̀kọ́ kì í ṣòfò, ṣùgbọ́n kó kọ ọjọ́ tó wọlé sílẹ̀, kó sì sọ ọ́ fún kóòṣì tó bá kọ́kọ́ pè é.